Ẹ Bi Wá Léèrè: Oúnjẹ Éṣíà Nínú Ìkòkò Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó dé ọwọ́ wa lóṣù yìí ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, díẹ̀ sì ti Ọ̀yọ́ wá. Àwọn tó kọ wọ́n ń kóra jọ, láìgba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n lè kọ́ bí àwọn ará Éṣíà ṣe ń se oúnjẹ wọn àti ìdí tí wọ́n fi ń sè é bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kan náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀: níbo la ti máa rí èròjà? A fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbé ìyẹn tì. Ẹ kọ́ ọwọ́ ná, èròjà á tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń mú wàrà sóyà dì kò ní í máa wá iyọ̀ tí wọ́n ń lò ní Jàpáàn kiri. Omidùn orí ògì ilé rẹ̀ ló máa wò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa méjìlá la fẹ́ dá ẹgbẹ́ ìdáná sílẹ̀. Olùkọ́ ni mí, mo sì ní ilé ìdáná tó fẹ̀ díẹ̀. Báwo la ṣe máa bẹ̀rẹ̀? Àwọn kan nínú wa ní súṣì, ìrẹsì oní-fínígà ti Jàpáàn, ni ká kọ́kọ́ ṣe. (Olùkọ́ kan, Tàkíè, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ fi súṣì sílẹ̀ ná, ẹ máa rí ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀. Éṣíà kì í ṣe ìlú kan. Oúnjẹ Íńdíà àti ti Jàpáàn jìnnà síra gan-an. Ẹ mú orílẹ̀-èdè kan, kí ẹ dúró tì í fún oṣù mẹ́ta. Iṣẹ́ ọwọ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́ ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan náà, kí ẹni tí tirẹ̀ bá bàjẹ́ nígbà àkọ́kọ́ lè tún un ṣe nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń se oríṣi mẹ́rin lọ́jọ́ kan á yó dáadáa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa lè dá sè é nílé ara rẹ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tá a fọwọ́ sí ni yíyí ẹ̀fọ́ lórí iná líle bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Ṣáínà, nítorí pé ìkòkò rẹ̀ ti wà nílé. Agbada irin tí a fi ń dín àkàrà, tí ìdí rẹ̀ rí roboto, ló fara jọ wok wọn jù. Ẹ gé kábéèjì 300 gíráàmù, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Omi ara ẹ̀fọ́ ló máa ń sọ yíyí di bíbọ̀. Ẹ gbé agbada òfìfo kaná títí èéfín tín-ín-rín á fi máa jáde lára rẹ̀, ẹ da òróró ṣíbí ìjẹun 2 sí i, kí ẹ ju aáyù tí ẹ tẹ̀ fọ́ sínú rẹ̀, kí ẹ kà dé 10, kí kábéèjì sì wọlé. Ẹ máa yí i láìdúró fún ìṣẹ́jú 2. Iyọ̀ ló máa kẹ́yìn, torí tó bá tètè wọlé, ṣe ló máa fa omi jáde. Tẹ́ ẹ bá da kílò kan sí i lẹ́ẹ̀kan náà, agbada á tutù lójijì, ẹ̀fọ́ á sì rọ bí ẹ̀fọ́ àná. Èèyàn méjìlá pọ̀ jù fún iná kan, nítorí náà ẹ lo gáàsì méjì, kí mẹ́fà mẹ́fà máa wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ rà ni òṣùwọ̀n oníbátìrì tó lè wọn láti gíráàmù 1 dé kílò 5. Kóńgò àti dẹ́rìkà dára fún ọjà, ṣùgbọ́n wọn ò bára wọn mu láti ọwọ́ ẹnì kan sí èkejì, ẹ ò sì ní mọ ohun tó ba oúnjẹ yín jẹ́. Kí ẹnì kan máa lọ sọ́jà, kí ẹlòmíràn máa wọn nǹkan, kó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀: ìwọ̀n, ìṣẹ́jú, bó ṣe rí lẹ́nu. Ẹ gba owó ọjà kí ẹ tó lọ, bí ẹ ṣe ń dá èésú. Owó gáàsì gbọ́dọ̀ dá dúró, nítorí gáàsì máa ń tán láìfọhùn.

Kó tó di ìpàdé àkọ́kọ́, ẹ béèrè ohun tí kálukú kì í jẹ àti ohun tí ara rẹ̀ ò gbà: ẹ̀pà, edé, ẹyin, sóyà, yànmọ̀tí. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri ilé ìdáná. Ọtí wà nínú mirin (omi ìrẹsì dídùn tí wọ́n fi ń sebẹ̀) àti sake (ọtí ìrẹsì) ti Jàpáàn, ó sì wà nínú wáìnì ìrẹsì ti Ṣáínà. Tí Mùsùlùmí bá wà láàárín yín, ẹ má sọ pé iná á gbé ọtí náà lọ. Ẹ má lò ó rárá. Dípò mirin ṣíbí ìjẹun 1, ẹ fi ṣúgà ṣíbí tíì 1 sínú omi ṣíbí ìjẹun 1, kí ẹ kán fínígà díẹ̀ sí i.

ÌBÉÈRÈ: Ìrẹsì tá a fi ṣe súṣì tú ká lọ́wọ́ wa, kò lẹ̀ mọ́ra rárá. A sì sè é rọ̀ dáadáa o. Kí ló fà á? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Under G, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Ìrẹsì tí ẹ rà ni, kì í ṣe sísè yín. Ìrẹsì àpò tó wọ́pọ̀ lọ́jà wa ni èyí tí wọ́n ti rẹ, tí wọ́n sì ti fi ooru omi sè díẹ̀ nígbà tó ṣì wà nínú èèpo, kí wọ́n tó sá a gbẹ. Sítáàṣì inú rẹ̀ ti jinná lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti padà le. Ìyẹn ló mú kó dára fún jọ̀lọ́ọ̀fù, tí hóró kọ̀ọ̀kan ń dá dúró. Ẹ lè sè é títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní lẹ̀ mọ́ra bíi ti Jàpáàn.

Ẹ lọ sí Sábó, kí ẹ béèrè ìrẹsì tùwó, èyí tó funfun, tí hóró rẹ̀ kúrú, tí wọn kò sè tẹ́lẹ̀. Ẹ wọn 300 gíráàmù, ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹrin, kí ẹ rẹ ẹ́ fún 30 ìṣẹ́jú, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ wá da omi 360 gíráàmù lé e. Ẹ dé e pa. Tó bá ti hó, ẹ rẹ iná sílẹ̀ pátápátá fún ìṣẹ́jú 12, ẹ pa iná, kí ẹ má sì ṣí i fún ìṣẹ́jú 12 mìíràn. Fínígà funfun tiwa máa ń mú ju fínígà ìrẹsì wọn lọ, nítorí náà ẹ po fínígà ṣíbí ìjẹun 3 pọ̀ mọ́ omi ṣíbí tíì 2, ṣúgà 25 gíráàmù àti iyọ̀ 5 gíráàmù. Ẹ dà á sórí ìrẹsì náà nígbà tó ṣì gbóná fẹlifẹli, kí ẹ fi ọmọrogùn kékeré gé e wọnú ara rẹ̀. Gígé ni o, kì í ṣe ríro. Ẹni tó bá rò ó bí àmàlà á jẹ tùwó. Kí ẹlòmíràn máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Abẹ̀bẹ̀ yìí máa ń jẹ́ kí ojú ìrẹsì dán, kó má sì di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ń ṣe ní Jàpáàn.

Ẹ má fi ẹja tútù ṣe súṣì. Kí aràn inú ẹja tó lè kú, ẹja náà gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù -20°C fún ọjọ́ 7 láìdáwọ́dúró. Bí iná ìjọba wa ṣe ń lọ tó ń bọ̀ yìí, fírísà ilé ò lè ṣe é. Ẹyin díndín, kùkúmbà, kárọ́ọ̀tì, tàbí ẹja díndín tí ẹ yọ egungun rẹ̀ ti tó, ó sì dùn. Ohun mìíràn tí àwọn èèyàn kì í fiyè sí: ìrẹsì àná fún ìrẹsì díndín dára, torí ó ti gbẹ, ṣùgbọ́n ìrẹsì àná tó sùn sórí tábìlì léwu. Kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Bacillus cereus máa ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀, oró tó ń pọ̀ kì í sì í bá iná lọ, bó ti wù kí ẹ dín in tó. Kí wákàtí kan tó pé, ẹ tẹ́ ìrẹsì náà fẹ́lẹ́ sórí àwo pẹrẹsẹ kó lè tètè tutù, kí ẹ sì gbé e sí fìríìjì. Tí kò bá sí fìríìjì, ìrẹsì òní ni kí ẹ dín lónìí.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń ta bẹ́skẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan wá bá mi pé kí n kọ́ àwọn ní tófù, mo sì sọ fún wọn pé nǹkan kan náà ni. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló sì ń jẹ́ kí tiwọn rí hórohòro, kó sì máa rùn bí ẹ̀wà tútù? (Ìyá oníbẹ́skẹ̀ kan, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ lẹ sọ, ìyá wa. Wàrà sóyà tó dì ni méjèèjì. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ohun tí a fi mú un dì, bí a ṣe fún un tó, àti pé a máa ń dín bẹ́skẹ̀ kó tó dọ́wọ́ oníbàárà. Ní Jàpáàn, nigari tó ti inú omi òkun jáde ni wọ́n fi ń mú un dì. Ní Ṣáínà, ẹfun gypsum ló wọ́pọ̀. Àwọn tó ń ṣe tófù ní Indonéṣíà máa ń tọ́jú omi wàrà àná títí á fi kan, òun ni wọ́n fi ń mú ti òní dì. Arákùnrin omidùn ni ìyẹn.

Èyí ni ìwọ̀n tí ẹ lè fi kọ́ wọn. Ẹ rẹ sóyà 500 gíráàmù fún wákàtí 8. Ní àkókò ooru, ẹ pààrọ̀ omi rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Ẹ la hóró kan sí méjì: tí àárín rẹ̀ bá tẹ́jú, tí àwọ̀ rẹ̀ sì dọ́gba, ó ti rẹ tán, tí kòtò bá wà láàárín, ó kù díẹ̀.

Òórùn ẹ̀wà tútù yẹn, ibi lílọ̀ ló ti ń wá. Bí sóyà bá ti fọ́ nínú omi tútù báyìí, èròjà kan tó wà nínú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òróró rẹ̀, òórùn náà á sì jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Omi gbígbóná ló ń pa èròjà náà. Tí ẹ bá ní ẹ̀rọ ìlọta kékeré nílé, ẹ fi omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí iná lọ̀ ọ́, díẹ̀díẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ àdúgbò lẹ gbé e lọ, ẹ má jẹ́ kó dúró: ẹ ti gbé omi 2 lítà kaná sílẹ̀ de ìyẹ̀fun tútù náà, kó lè wọnú omi híhó lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ sì bẹ onílọta kó lọ tiyín lẹ́yìn ẹni tó lọ ògì, kì í ṣe lẹ́yìn ẹni tó lọ ata.

Gbogbo omi tó máa wọ sóyà 500 gíráàmù jẹ́ lítà 4, tèyí tí ẹ fi lọ̀ ọ́ àti èyí tí ẹ fi ṣàn èérí rẹ̀. Ẹ sẹ́ ẹ pẹ̀lú aṣọ funfun, kí ẹ fún un dáadáa. Ẹ wá gbé wàrà náà kaná nínú ìkòkò tó tóbi ní ìlọ́po méjì, nítorí ìfófòó rẹ̀ máa ń dìde lójijì bí ẹni inú ń bí. Ẹ má rò pé ó ti hó nígbà tí ìfófòó dìde. Kò tíì hó. Ẹ bu ìfófòó náà kúrò, kí ẹ jẹ́ kó hó gan-an fún ìṣẹ́jú 10, ẹ máa ro ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó má jóná. Ìṣẹ́jú 10 yìí ló ń pa ohun inú sóyà tútù tó máa ń dí inú lọ́wọ́ láti da oúnjẹ.

Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú 5, kí ooru rẹ̀ wálẹ̀ sí nǹkan bí 80°C. Tí ẹ ò bá ní ohun tí ẹ fi ń wọn ooru, ẹ wo ojú rẹ̀: tí awọ fẹ́lẹ́ bá ti ń hun lójú wàrà, tí ooru ṣì ń gòkè ṣùgbọ́n tí kò yí mọ́, ó ti dé. Ẹ tú iyọ̀ Epsom tí kò ní lọ́fínńdà, irú èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ní kẹ́míìsì pé a lè gbé mì, ṣíbí tíì 4 sínú ife omi 1. Ẹ da ìdá kan nínú mẹ́ta sí i, kí ẹ ro wàrà náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, kí ẹ sì dá a dúró. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 3, ẹ wọ́n ìdá kejì sójú rẹ̀, ẹ dé e. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, ẹ ṣí i wò. Tí omi tó yà sọ́tọ̀ bá mọ́, tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi tíì tí kò nípọn, ó ti tó. Ẹ má da èyí tó kù sí i. Tí omi náà bá ṣì funfun, ẹ wọ́n ìdá kẹta síbi tó funfun yẹn nìkan. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí ìjẹun 8 náà lè mú un dì, tàbí omidùn kíkan, tí ẹ máa rọra dà sí i títí omi náà á fi mọ́. Méjèèjì máa ń mú kó rọ̀, kó sì kan díẹ̀. Ó bá ata díndín mu, kò bá ọbẹ̀ Jàpáàn tí kì í ta mu.

Hórohòro tí wọ́n ń rí, ohun mẹ́ta ló lè fà á: wọ́n da ohun ìmúdì sí i nígbà tó ṣì ń hó, wọ́n dà á pọ̀ jù, tàbí wọ́n rò ó bí ẹni ń ro ẹ̀kọ. Wàrà sóyà kì í fẹ́ wàhálà nígbà tó bá ń dì. Ẹ rọra fi ìgbákọ gbé e sínú asẹ́ tí ẹ fi aṣọ tẹ́, kí ẹ gbé ohun tó wúwo tó kílò 1 lé e fún 20 ìṣẹ́jú fún èyí tó rọ̀, tàbí kílò 3 fún 45 ìṣẹ́jú fún èyí tí ẹ fẹ́ dín. Ẹ rì í sínú omi tútù kí ẹ tó gé e; èyí tí a gé ní gbígbóná ló máa ń fọ́.

Ẹ kọ́ wọn ní ohun kan sí i tí bẹ́skẹ̀ tiwa kò tíì máa ṣe: ẹ gbé tófù líle sí fírísà títí á fi di yìnyín gan-an, ẹ jẹ́ kó yọ́, kí ẹ fún omi inú rẹ̀ bí ẹni fún kànhìnkànhìn. Ihò wẹ́wẹ́ á kún inú rẹ̀. Láti ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀ ní Jàpáàn. Tó bá wọ ẹ̀fọ́ rírò, gbogbo ọbẹ̀ ló máa mu. Èérí sóyà náà kì í ṣe fún àkìtàn: ìdá kan rẹ̀ sí ìdá méjì ẹ̀wà lílọ̀ máa ń ṣe àkàrà tó fúyẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹnì kan sọ fún mi pé àwọn ará Jàpáàn náà ń jẹ irú. Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. (Bàbá kan, Ọ̀yọ́)

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀, bàbá wa. Wọ́n ń pè é ní nattō. Sóyà ni tiwọn, hóró igi igbá ni irú tiwa ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ìran kòkòrò àìfojúrí kan náà, Bacillus subtilis, ló ń sọ méjèèjì di ohun tí wọ́n jẹ́. Òórùn wọn jọra, okùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń fà nígbà tí a bá bu irú wooro tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n wà nínú nattō pẹ̀lú, ó tiẹ̀ pọ̀ jù tiwa lọ. Sóyà tó jinná débi pé ìka méjì lè tẹ̀ ẹ́ fọ́ ni wọ́n máa ń gbé sínú ooru 40°C fún nǹkan bí ọjọ́ kan, kí wọ́n tó gbé e sínú òtútù. Láyé àtijọ́, koríko ìrẹsì ni wọ́n fi ń dì í, bí ìyá wa ṣe ń fi ewé bo irú nínú igbá. Wọ́n ń jẹ ẹ́ láìsè, lórí ìrẹsì gbígbóná, láàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi irú ọjà dán ìyẹn wò. Wọn ò pọ́n ọn fún jíjẹ ní tútù, iná gbọ́dọ̀ kàn án.

Jàpáàn nìkan kọ́. Àwọn ará Kòríà ní cheonggukjang, àwọn ará àríwá Táílándì ní thua nao, àwọn ará ìlà-oòrùn Nepal àti Sikkim ní Íńdíà sì ní kinema. Kinema yìí ló yà wá lẹ́nu jù: wọ́n máa ń da eérú díẹ̀ sí sóyà tí wọ́n ti sè kí wọ́n tó fi ewé dì í. Ẹni tó bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń pọ́n irú mọ eérú dáadáa. Kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣe irú fẹ́ràn ibi tí kò kan, eérú sì ń pa kíkan.

Èyí tí ẹgbẹ́ lè mú lò kíákíá ni ọgbọ́n thua nao, nítorí ó ń yanjú wàhálà irú tó ń bàjẹ́. Ẹ gún irú 200 gíráàmù pẹ̀lú iyọ̀ ṣíbí tíì 1 àti ata gbígbẹ bí ẹ bá fẹ́. Ẹ bu ú ní ìwọ̀n ẹyin, ẹ tẹ̀ ẹ́ láàárín ewé eéran méjì títí á fi fẹ́lẹ́ bíi bisikíìtì, kí ẹ sì sá a sóòrùn. Lásìkò ọyẹ́, ọjọ́ 2 ti tó. Lásìkò òjò, ẹ má dán an wò lóòrùn rárá, á bu. Orí àjà ilé ìdáná tí èéfín ń gbà kọjá ló dára. Tó bá ti gbẹ débi pé ó ń dún kọ́ tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ, ẹ kó o sínú ìgò. Tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ yan án lórí iná títí òórùn rẹ̀ á fi yípadà di dídùn, kí ẹ gún un sínú ọbẹ̀. Ní ti ọbẹ̀ Kòríà, irú sóyà ṣíbí ìjẹun 3 nínú omi 1 lítà, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ, àlùbọ́sà àti tófù, ló yẹ. Ìṣẹ́jú 5 ìkẹyìn ni irú máa wọlé, torí tó bá hó pẹ́, adùn rẹ̀ á wálẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé kooko ọba tó wà lẹ́yìnkùlé wa ni wọ́n ń lò nínú ọbẹ̀ tom yum ti Táílándì? (Ìyàwó ilé kan, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Òun ni. Ewé rẹ̀ ni àwa ń bọ̀ fún ibà. Ìdí rẹ̀ tó funfun ni àwọn ń fẹ́. Fún omi 1 lítà, ẹ fa ìdí 3 tu, ẹ bó èèpo òde rẹ̀, kí ẹ fi ọmọ odó lù ú kó là, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òórùn rẹ̀ ò ní jáde. Ẹ fi ata ilẹ̀ pẹlẹbẹ 5 àti ewé ọsàn wẹ́wẹ́ tó ṣì rọ̀ 4 sí i. Wọn kì í jẹ kooko yìí, ẹ̀gbẹ́ àwo ni wọ́n ń kó o sí. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ gbọ́dọ̀ dúró de ìgbà tí ẹ bá pa iná. Tó bá hó, òórùn dídùn rẹ̀ á lọ, kíkan nìkan ni yóò kù. Tí ìlànà mìíràn bá ní kí ẹ lo àjàgbọn, ẹ má ra àwín. Igi ọ̀tọ̀ ni.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá mi ní Ajínómótò ń ṣe èèyàn ní jàǹbá, ẹgbẹ́ wa sì ń lò ó. (Ọmọ ẹgbẹ́ kan, Ọ̀yọ́)

ÌDÁHÙN: Ní 1908 ni Kikunae Ikeda, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Tokyo, yọ glutamate, èròjà tó wà nínú Ajínómótò, jáde lára ewé òkun tí wọ́n fi ń se omi ọbẹ̀, ní 1909 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Glutamate kan náà wà nínú tòmátì, ó wà nínú irú, ó tún wà nínú omi ọyàn ìyá. Ẹ̀rù rẹ̀ tó gbilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1968, nígbà tí dókítà kan kọ lẹ́tà pé ara òun kì í lélẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ Ṣáínà, ṣùgbọ́n àwọn tó dán an wò lẹ́yìn náà kò rí ẹ̀rí tó dúró. Ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì ti tó fún ọbẹ̀ lítà 1. Tí ẹ bá ti fi mágì sí i, ẹ má fi kún un mọ́, ó ti wà nínú mágì. Kí ẹ sì má gbàgbé pé sódíọ̀mù wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ dín iyọ̀ kù. Ẹ rọra ṣàlàyé fún ìyá yín, kí ẹ má bá wọn jiyàn.

ÌBÉÈRÈ: Kajú pọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Oúnjẹ Éṣíà wo la lè fi sè? (Àgbẹ̀ kan)

ÌDÁHÙN: Àwọn ará Potogí ló gbé kajú láti Brazil lọ sí Íńdíà ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, àwọn ará Íńdíà sì ti sọ ọ́ di ohun tí wọ́n fi ń mú ọbẹ̀ korma ki. Ẹ rẹ kajú tí kò ní iyọ̀, 60 gíráàmù, sínú omi gbígbóná fún 20 ìṣẹ́jú, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná pẹ̀lú omi rẹ̀. Ẹ dín àlùbọ́sà 2 títí á fi pọ́n, kí ẹ da kọriándà ṣíbí tíì 2, kúmínì ṣíbí tíì 1 àti ata ilẹ̀ pupa ìdajì ṣíbí tíì sí i. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá péré ni àwọn lílọ̀ yìí máa lò nínú òróró. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, á máa dà bí erùpẹ̀ lẹ́nu, bó bá sì jù bẹ́ẹ̀, á korò. Ẹran adìẹ àti omi ló tẹ̀ lé e, kajú ló kẹ́yìn, lórí iná kékeré, nítorí ó máa ń tètè dì mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Èyí tó ṣì wà nínú èèpo, ẹ má yan án nínú ilé ìdáná ẹgbẹ́. Òróró inú èèpo náà ń jó awọ ara, èéfín rẹ̀ sì ń ta ojú àti ọ̀fun. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun ni kí ẹ ti ra èyí tí wọ́n ti pa.

ÌBÉÈRÈ: A ṣe kimchi, kábéèjì kíkan ti Kòríà, ìgò rẹ̀ bú gbàù, ilé sì kún fún òórùn. Kí la ṣe tí kò dáa? (Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ kún ìgò jù, ẹ sì dé e pa. Ìlànà tí ẹ kà, fún ìlú òtútù ni wọ́n kọ ọ́. Ohun tó ń gba ọjọ́ 3 ní 18°C lè parí láàárín ọjọ́ kan nínú ooru tiwa, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ rí ibi jáde.

Ẹ gé kábéèjì kílò 1, ẹ fi iyọ̀ 25 gíráàmù pa á lára, kí ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 2. Ẹ má da omi tó bá sun jáde nù. Ẹ se ògì funfun ṣíbí ìjẹun 1 nínú ìdajì ife omi títí á fi ki. Ìyẹ̀fun ìrẹsì ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ògì sì ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Tó bá tutù, ẹ po aáyù 20 gíráàmù, ata ilẹ̀ 10 gíráàmù, edé lílọ̀ ṣíbí ìjẹun 1 àti ṣúgà ṣíbí tíì 2 mọ́ ọn. Ní ti ata, ata gbígbẹ tiwa gbóná ju tiwọn lọ gan-an, ẹni tó bá da 30 gíráàmù rẹ̀ sí i kò ní lè jẹ ẹ́. Tàtàṣé tí ẹ sá gbẹ, tí ẹ yọ kóró rẹ̀, tí ẹ sì gún, ni kí ẹ lò ní 30 gíráàmù, kí ata gbígbẹ má ju ṣíbí tíì 1 lọ. Ẹ po gbogbo rẹ̀ mọ́ kábéèjì, ẹ kì í sínú ìgò títí dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí omi rẹ̀ á fi bò ó. Ẹ gbé ìdérí lé e láìfún un, kí ìgò náà wà nínú àwo.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ṣíbí tó mọ́. Tó bá ń ta ìfófòó wẹ́wẹ́, tó sì ti ń kan díẹ̀, ó ti pọ́n, ẹ gbé e sí fìríìjì. Èyí tí kò bá rí fìríìjì, ọjọ́ 3 sí 4 ni kí ẹ fi jẹ ẹ́ tán; tó bá ti kan jù fún jíjẹ bẹ́ẹ̀, ẹ dín in mọ́ ìrẹsì, ibẹ̀ gan-an ló ti dùn jù. Funfun pẹrẹsẹ tó tẹ́ sójú omi, ẹ bù ú kúrò. Èyí tó bá hu irun, tó ní àwọ̀ ewé tàbí dúdú, ẹ da gbogbo ìgò náà nù, kí ẹ sì fi omi híhó fọ ìgò kí ẹ tó tún un lò.